Kí Ló Ń Fa Kóòdù Yìí Sẹ́yìn? Títẹ Dátà Onípele Jáde, Láti Nàìjíríà Dé Ìbà

Ọ̀rọ̀ kóòdù ló kàn lónìí, àmọ́ ẹ má tíì sá lọ. Ẹni tó bá ti kọ Python fún oṣù mélòó kan á bá mi dé ìparí láìsí wàhálà. Ẹni tí kò bá sì tíì kọ ọ́ rí, omi pípọn ni mo máa fi ṣàlàyé fún un, kò sì sí ọmọ Èkó tí kò mọ wàhálà omi.

Ìbà Housing Estate ni mò ń gbé. Tí mo bá fẹ́ júwe ibẹ̀ fún àlejò tó ń bọ̀ láti òkè òkun, orí ohun tó tóbi jù ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, wọ́ọ̀dù Ìbà, kí n tó wá dé ojúlé wa. Ọ̀kan wà nínú ọ̀kan, bí abọ́ tí wọ́n tò sínú ara wọn nínú ilé ìdáná. Bí àjọ INEC náà ṣe to gbogbo orílẹ̀-èdè yìí nìyẹn: ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja, ìjọba ìbílẹ̀ 774, wọ́ọ̀dù 8,809, ibùdó ìdìbò 176,846. Lóòótọ́, àwa ará Ìbà ní LCDA tiwa, a sì máa ń fi yangàn, àmọ́ INEC ò kà á sí ìpele kankan. Abẹ́ Ọ̀jọ́ ni wọ́n kọ wá sí.

Irú dátà báyìí ni mò ń pè ní dátà onípele. Fáìlì JSON tí app orí fóònù yín ń gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì, fódà tó wà nínú fódà, ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù gan-an, dátà onípele ni gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà kì í ní ìṣòro láti tọ́jú wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí á tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́nà tí ojú èèyàn fi máa lè kà á, kí ìpele kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, báyìí:

```
Nàìjíríà
  Èkó
    Ọ̀jọ́
      Ìbà
        ibùdó 001
        ibùdó 002
      Òkòkòmáíkò
        ibùdó 001
```

Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, àbí? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Àbúrò kan wà ní búlọ́ọ̀kù kejì sí tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ LASU ni. Òun ló gbé iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ mi ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ti ń kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ 25 oṣù náà ni ìdìbò. Ní ọdún 2021, INEC ti sọ iye ibùdó ìdìbò di 176,846 láti nǹkan bíi 120,000, wọ́n sì ti pín ọ̀pọ̀ èèyàn sí ibùdó tuntun. Àwọn àgbà kan nínú ẹ́stéètì ò mọ ibi tí orúkọ wọn wà mọ́. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìdìbò: ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ rìn. Ìyá àgbà tó bá fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó tó ń lò tẹ́lẹ̀, tó tò títí, tí wọ́n wá sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ilé ló máa padà sí. Ìbò rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ohun tí àbúrò wa fẹ́ ṣe ni pé kó mú lísìtì tí INEC gbé síta, kó tò ó ní ìpele-ìpele, kó kọ orúkọ àwọn ibi tiwa bí a ṣe ń pè é pẹ̀lú àmì ohùn, kó wá tẹ̀ ẹ́ jáde sínú fáìlì kan tó máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀jọ́ nìkan ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Àwọn ará ẹ́stéètì ló ní kó fi ti àwọn ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin kún un, ló bá kúkú kó gbogbo Nàìjíríà wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá tún orúkọ kan ṣe, ó ní láti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lákọ̀tun. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti gbó, iná ò sì dúró. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, kóòdù mi ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo lè lọ pọn omi kí n padà wá bá a níbi tó wà. Bátìrì mi ò lè gbà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.”

Ohun tó kọ nìyí, mo kàn gé e kúrú ni:

```python
class Atewe:
    oro = ""

    def te(self, igi, jin):
        for oruko, omo in igi.items():
            ila = "  " * jin + oruko + "\n"
            self.oro = self.oro + ila
            self.te(omo, jin + 1)
```

`igi` ni dátà wa, dict nínú dict. `jin` ni iye ìpele tí a ti wọlé. Ibùdó ìdìbò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní dict òfìfo nínú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń dúró. Kóòdù yìí tọ̀nà, èsì rẹ̀ péye, ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní Python ló sì máa ń fi irú rẹ̀ hàn. Ìlà kan péré ló ń dá a dúró:

```python
self.oro = self.oro + ila
```

Nínú Python, string kì í yí padà. Tí ẹ bá ti dá a, ó ti di òkúta. Tí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà kan kún un, Python máa wá àyè tuntun nínú mẹ́mórì, á da gbogbo string àtijọ́ kọ síbẹ̀, á wá fi lẹ́tà tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, á sì da ti àtijọ́ nù. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ ń pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bu ife kan kún un, ẹ lọ ra dúrọ́ọ̀mù tuntun tó fi ife kan tóbi ju ti àná lọ, ẹ da gbogbo omi àtijọ́ sínú tuntun, ẹ bu ife kan lé e, ẹ sì ju dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ sígbó. Ife àkọ́kọ́ ò ni yín lára. Ife ẹgbẹ̀rún ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mi ò ní sọ iye ìṣẹ́jú fún yín, torí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Iye ìgbà tí a fọwọ́ kan lẹ́tà ni mo fẹ́ kà. Nàìjíríà 1, ìpínlẹ̀ àti Abuja 37, ìjọba ìbílẹ̀ 774, wọ́ọ̀dù 8,809, ibùdó 176,846: ìlà 186,467 ni gbogbo rẹ̀. Ká ní ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà 30, tí a bá ka àlàfo iwájú mọ́ ọn. Gbogbo èsì ò ju nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5.6 lọ, fáìlì kékeré ni, fọ́tò kan lórí fóònù lè tóbi jù ú lọ. Àmọ́ tí a bá ń da gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìlà kọ̀ọ̀kan, a máa fọwọ́ kan lẹ́tà bíi bílíọ̀nù 521 kí a tó parí. Láti lè kọ mílíọ̀nù 5.6!

Ó tún kù. Láti Python 3.3 ni string ti ń yan iye byte tí lẹ́tà rẹ̀ máa gbà. Bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá jẹ́ irú à, é, ì àti a, b, d lásán, byte kan ló tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ tí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà inú string náà di byte méjì-méjì, títí kan àwọn tí kò ní àmì kankan. “Èkó” gba byte kan fún lẹ́tà kan. “Ọ̀jọ́” ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láti ìgbà tí ọ àkọ́kọ́ ti wọ inú `self.oro`, ìlọ́po méjì ni omi tó ń dà láti dúrọ́ọ̀mù sí dúrọ́ọ̀mù. Bílíọ̀nù 521 yẹn sún mọ́ terabyte kan. Abájọ tí fáànù láptọ́ọ̀pù náà fi ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣebí mo ti máa ń lo `s += x`, kì í sì í pẹ́.” Òótọ́ ni. CPython, ìyẹn Python tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ní ọgbọ́n kan: tí `s` bá jẹ́ orúkọ lásán nínú fọ́ńkíṣàn, tí kò sì sí ẹlòmíì tó di string náà mú, ó máa ń gbìyànjú láti na string náà síwájú níbi tó wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ `self.s` ni, ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́. Èmi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e rárá. Ẹni tó bá kọ kóòdù tó yára nítorí pé orúkọ kan ò ní àmì ìdánudúró nínú, ó ti fi ilé rẹ̀ lé orí ìyanrìn.

Oògùn rẹ̀ ò le. Ẹ lo lísìtì bí àpò. Ju ìlà kọ̀ọ̀kan sínú àpò, má tíì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ pe `"".join(apo)` lẹ́ẹ̀kan. `join` máa kọ́kọ́ ka gígùn gbogbo wọn, á gba àyè kan ṣoṣo tó gba gbogbo wọn, á wá da ìlà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ra dúrọ́ọ̀mù kan tó tóbi tó, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi.

Mo ṣàlàyé èyí fún un, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú kóòdù tó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ:

```python
def te(igi):
    apo = []
    for oruko, omo in igi.items():
        apo.append(oruko + "\n")
        apo.append(textwrap.indent(te(omo), "  "))
    return "".join(apo)
```

Mo gbádùn kóòdù yìí gan-an. Fọ́ńkíṣàn yìí ò tilẹ̀ mọ ìpele tó wà. Ó kàn ń sọ pé: kọ orúkọ mi, sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n kọ tiwọn, kí o wá ti ọ̀rọ̀ wọn wọlé díẹ̀. Ó sì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà, irú iṣẹ́ tí ojú kì í tètè rí.

Ẹ tẹ̀lé orúkọ ibùdó ìdìbò kan láti Ìbà. Wọ́ọ̀dù Ìbà kọ ọ́, ó sì fi àlàfo méjì sí iwájú rẹ̀. Ọ̀jọ́ gbà á, ó fi àlàfo méjì sí iwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó da gbogbo ìlà náà kọ. Èkó gbà á lọ́wọ́ Ọ̀jọ́, ó tún fi àlàfo méjì sí i. Nàìjíríà gbà á, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ gbé omi lọ sí àjà kẹta, tó jẹ́ pé ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn bá ti yí, ó gbọ́dọ̀ da omi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì míì kó tó máa lọ. Omi ò pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ló ń pọ̀ sí i.

Iye rẹ̀ nìyí: ibùdó kọ̀ọ̀kan wà ní ìpele kẹrin sísàlẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti í wọlé, 4 × 176,846 jẹ́ 707,384. Wọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀mẹta, 26,427. Ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, 1,548. Ìpínlẹ̀ 37. Tí a bá fi ìgbà àkọ́kọ́ tí a kọ ìlà kọ̀ọ̀kan kún un, a ti fọwọ́ kan ìlà nígbà 921,863, níbi tó yẹ ká ti fọwọ́ kàn án nígbà 186,467. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Bí igi bá sì ṣe jìn tó ni ìyà yìí ṣe ń pọ̀ tó. Igi tiwa ò jìn, ìpele márùn-ún ni. Dátà onípele ogójì wà nínú ayé yìí.

Ẹ wá wo èyí tí a parí sí:

```python
def te(igi, jin, apo):
    for oruko, omo in igi.items():
        apo.append("  " * jin + oruko + "\n")
        te(omo, jin + 1, apo)

apo = []
te(igi, 0, apo)
with open("igi.txt", "w", encoding="utf-8") as f:
    f.write("".join(apo))
```

Ohun méjì ló yí padà. Ìjìnlẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọmọ, dípò kí ọ̀rọ̀ ọmọ máa gòkè wá gba àlàfo. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìpele sì ń lò. Ìlà kọ̀ọ̀kan ti mọ iye àlàfo tó yẹ kó ní kí wọ́n tó bí i, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́ títí di `join`.

Àwọn kan nínú yín máa fẹ́ lo `yield from` níbí, torí ó dùn ún wò. Ẹ ṣọ́ra. Ìlà tó bá jáde láti ìsàlẹ̀ ṣì máa gba ọwọ́ gbogbo ìpele tó wà lókè rẹ̀ kọjá kó tó dé òde. Àtẹ̀gùn kan náà ni, wọ́n kàn kùn ún lọ́dà tuntun ni.

Ẹ lè bi mí pé, ṣebí Python ti ní `pprint` tirẹ̀, kí ló dé tí a ò lò ó? A lò ó. Ó pẹ́. Ìdí tó fi pẹ́ gan-an ló mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí, torí ìbéèrè tó ń gbìyànjú láti dáhùn le ju tiwa lọ. `pprint` fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ka kan lè wọ orí ìlà kan ṣoṣo. Bó bá wọ̀, kó fi í síbẹ̀. Bí kò bá wọ̀, kó tú u ká sí ìlà púpọ̀. Báwo ló ṣe ń mọ̀? Á kọ gbogbo ẹ̀ka náà jáde, á wọn gígùn rẹ̀, tó bá ti gùn jù, á da ohun tó kọ nù, á wọ inú ẹ̀ka náà, á sì tún bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà. Nítorí náà ó kọ gbogbo Nàìjíríà jáde kó tó rí i pé kò lè wọ orí ìlà kan. (Ó yà á lẹ́nu, àbí?) Ó kọ gbogbo Èkó, kò wọ̀. Ó kọ gbogbo Ọ̀jọ́, kò wọ̀. Ó kọ gbogbo Ìbà. Orúkọ ibùdó kan ti di kíkọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó kéré tán, kí wọ́n tó wá kọ òun fúnra rẹ̀. Python lásán ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀, kò sí C nínú ẹ̀, ó tún ń to àwọn kọ́kọ́rọ́ dict ní a-b-d ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá.

Ẹni tó yanjú ìbéèrè yìí dáadáa ti ṣe é tipẹ́. Derek Oppen, ní yunifásítì Stanford, kọ ọ̀nà rẹ̀ síta ní 1979, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn ACM ní 1980. Ohun tó rí nìyí: tí ojú ìwé bá fẹ̀ tó lẹ́tà 80, o ò nílò láti mọ gígùn Nàìjíríà. Ohun tí o nílò láti mọ̀ ò ju bóyá ó kọjá 80 lọ. Tí o bá ti ka lẹ́tà 81, ìdáhùn ti dé, dúró níbẹ̀. Ó pín iṣẹ́ náà fún ẹni méjì. Ọ̀kan ń lọ síwájú, ó ń ka gígùn. Èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń tẹ̀. Ti iwájú kì í fi ju fífẹ̀ ojú ìwé kan lọ ṣáájú ti ẹ̀yìn. Nítorí náà, iṣẹ́ tó gbà jẹ́ ìwọ̀n dátà náà, bó ti wù kí ìpele jìn tó, mẹ́mórì tó gbà ò sì ju ìwọ̀n ìlà kan lọ. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kéré, bátìrì àti iná wa náà kéré. Títí dònìí, ohun tí compiler èdè Rust fi ń tẹ kóòdù jáde wá láti inú iṣẹ́ Oppen yìí.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa JSON, torí òun lẹ pọ̀ jù lọ tí ẹ máa bá pàdé. Àbúrò wa fẹ́ fi igi náà pamọ́ bíi JSON pẹ̀lú, kó lè fi ṣe ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Ó kọ `json.dump(igi, f)`, ó ṣí fáìlì náà, ó sì rí èyí:

```
"\u1ecc\u0300j\u1ecd\u0301"
```

Ọ̀jọ́ nìyẹn o! Bí Python ṣe máa ń ṣe é nìyẹn tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún un: ó ń sá fún gbogbo lẹ́tà tí kò sí nínú ABD òyìnbó. Nínú UTF-8, “Ọ̀jọ́” gba byte 11. Báyìí, ó ti gba 25. Ẹni tó ń fi dátà ra dátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, lórí fáìlì tó kún fún orúkọ Yorùbá. Ẹ kọ `ensure_ascii=False`, ẹ sì ṣí fáìlì náà pẹ̀lú `encoding="utf-8"`, ó tán.

Ìkejì, nínú Python 3.11 tí òun ń lò, `json.dump` tó ń kọ sínú fáìlì tààrà ń gba ọ̀nà Python lásán, `yield from` yẹn gan-an, ìpele lórí ìpele. `json.dumps`, tó ní s lẹ́yìn, ń gba ọ̀nà C tó yára. Nítorí náà `f.write(json.dumps(igi, ensure_ascii=False))` yára ju `json.dump` lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ tí ẹ bá ti fi `indent=2` sí i kí ó lè rẹwà, ọ̀nà C ti pa dé, ọ̀nà Python ni gbogbo yín ń gbà padà. Ọkọ̀ tó ń lọ tààrà láti Òkòkòmáíkò sí Mile 2 yàtọ̀ sí èyí tó ń já èrò ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù.

Kì í ṣe Python nìkan. Ní oṣù Kẹjọ 2025, àwọn tó ń ṣe V8, ẹ́ńjìnnì JavaScript inú Chrome, kéde pé `JSON.stringify` ti yára ju ìlọ́po méjì lọ láti Chrome 138. Mo ka ohun tí wọ́n ṣe, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín, torí gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí fọ́ńkíṣàn máa pe ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ìpele mọ́. Wọ́n kọ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún string oníbyte kan, ọ̀kan fún oníbyte méjì, kí ọ wa má bàa fa gbogbo ayé sẹ́yìn. Dípò dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pààrọ̀ fún èyí tó tóbi jù ú lọ, wọ́n ń lo dúrọ́ọ̀mù púpọ̀ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn: bí ọ̀kan bá kún, wọ́n ṣí òmíràn, ohun tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀ ò kúrò lójú kan. Wọ́n sì ń yẹ ọ̀pọ̀ lẹ́tà wò lẹ́ẹ̀kan náà, dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó nílò àmì `\`. Tí ẹ bá wá bèèrè fún àlàfo ẹwà ńkọ́? Ọ̀nà tó yára yẹn pa dé. Bọ́sítọ́ọ̀pù náà ni.

Ìyẹn ló mú kí n gba àbúrò wa níyànjú pé fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa kà ò nílò ẹwà. Èyí tí ìyá àgbà máa kà nìkan ni kó fi àlàfo sí.

Ohun tó wá dín àsìkò rẹ̀ kù jù, lójú tèmi, ni pé kó má tẹ ohun tí kò yí padà. Tó bá tún orúkọ kan ṣe ní Ìbà, kí ló kan Sókótó níbẹ̀? A pín in: àpò kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 774. Bí orúkọ kan bá yí padà ní Ọ̀jọ́, àpò Ọ̀jọ́ nìkan la tú. Ọgbọ́n kékeré kan wà nínú èyí: a ò fi àlàfo pamọ́ sínú àpò. Nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ àti orúkọ, `(1, "Ìbà")`, ni a fi pamọ́. Ìdí ni pé a fẹ́ tẹ Ọ̀jọ́ nìkan fún àwọn ará ẹ́stéètì, níbi tí Ọ̀jọ́ ti máa wà ní etí ojú ìwé gan-an, a sì tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú igi ńlá, níbi tó ti máa wọlé ní ìpele méjì. Tí àlàfo bá ti wà nínú ọ̀rọ̀, ó di dandan ká tún un ṣe. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ni, a fi 2 kún un, ó tán.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ló fi ti Ọ̀jọ́ ránṣẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti búlọ́ọ̀kù míì pé àwọn rí ibùdó tuntun àwọn, ìyá kan sì rí i pé ìgboro kejì ni wọ́n gbé òun lọ.

Ẹ̀yin tó ń lo fóònù láti kọ kóòdù, lórí Termux tàbí Pydroid, ohun kan ṣì wà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ wo èsì lójú skírìn, ẹ má pe `print` fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń lọ sí skírìn, Python sábà máa ń ti ìlà kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ni pé ìgbà 186,467 ló máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ẹ kó wọn jọ sínú àpò, ẹ lo `sys.stdout.write("".join(apo))` lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó sọ pé ìlà báyìí ló ń fa kóòdù yín sẹ́yìn, ẹ kọ `python -m cProfile -s tottime kóòdù_yín.py`, kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò, kí ẹ wo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá gbé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí igi tó jìn, kó dá dict tó jẹ́ ọmọ kan nínú ọmọ kan títí dé ìpele 900, kó fi `te` méjèèjì tẹ̀ ẹ́, èyí tó ń lo `textwrap.indent` àti ti ìkẹyìn. Má kọjá ibẹ̀ o, torí Python máa ń dá fọ́ńkíṣàn tó ń pe ara rẹ̀ dúró ní nǹkan bíi 1,000.